Ògiri Ẹ̀yìnkùlé àti Àpótí Irinṣẹ́ Tí O Fi Ránṣẹ́

Ìdòfin,
Igbó-Ọrà.

Tìmílẹ́hìn Àkànní, ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà, mo kí ọ kú ooru Èkó tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí èèyàn fojú kan oorun. Ṣé ara le? Ṣé Rẹ̀mílẹ́kún ìyàwó rẹ wà dáadáa, ṣé ọmọ ń jẹun? Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ohun tí o bá kọ́ kò ní wó, ohun tí o bá fara tì kò ní yẹ̀, ẹni tó bá sì ń gbẹ́ kòtò dè ọ́, inú rẹ̀ ni yóò sùn. Bí o bá ń bèèrè tiwa, a jí, a jẹun, a kò sùn sí ọsibítù, ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè mí, o ò sì gbọ́ ohùn mi. Má jẹ́ kí àyà rẹ já. Fóònù kò sọnù, olè kò sì gbé e. Ilé ló wà, kódà kò lè jáde nílé mọ́. Màá dé ibẹ̀. Òun ló jẹ́ kí n wá bírò, tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà bí ayé àtijọ́, tí mo sì fi rán Sàlámì awakọ̀ tó ń ná Èkó. Ó ní òun mọ àdúgbò rẹ. Mo ti fún un ní láfún díẹ̀ kó má baà gbàgbé.

Ìyàwó Bámiṣẹ́ tó múlé tì wá tún bí ìbejì. Ǹ bá má tilẹ̀ kọ ọ́, torí nílùú wa níbí, ẹni tó bá bí ẹyọ kan là ń bi pé èkejì dà. Ṣùgbọ́n ó ní kí n kí ọ, mo sì ti jíṣẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ògiri. Ìwọ náà ti gbọ́ pé àkọ́rọ̀ òjò ló wó ògiri ẹ̀yìnkùlé, èyí tó gbé iyàrá tí mo bí ọ sí dúró. O ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, mo yà á. O wá pè mí padà, o ní ògiri iwájú ni mo yà, pé ibẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Àkànní, ta ló ń ya fọ́tò ibi tó bàjẹ́ rán sí Èkó? Ṣé kí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ lè rí i pé ilé bàbá rẹ ti wó ni? Ibi tó dára ni mo yà, mo tilẹ̀ gbá ibẹ̀ kí n tó yà á, mo sì lé àwọn adìẹ kúrò.

Kì í ṣe ògiri gan-an ló ń dẹ́rù bà mí, bàbá rẹ ni. Ìwọ náà rí wọn nígbà tí o wá ṣe Kérésì. Láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti gba ọwọ́ ọ̀tún wọn, tó ká ìka wọn pọ̀ bí ẹni tó di nǹkan mú, orí àga ni wọ́n wà. Wọ́n ní kí n yí àga náà padà, kó kẹ̀yìn sójú títì, torí bí àwọn bá kọjú síta, ilé tí àwọn fi ọwọ́ àwọn mọ ni àwọn ń rí lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wá kọjú sí láti àárọ̀ di alẹ́. Nígbà tí ògiri wó, ojú wọn ló wó sí. Mo rò pé wọ́n á pariwo, mo tilẹ̀ ń retí ẹ̀. Wọ́n kàn ní kí n jẹ́ kó máa lọ. Ọkùnrin tó máa ń dá kẹ̀kẹ́ dúró lójú ọ̀nà Erúwà torí pé ó rí ilé onílé tó wọ́! Inú mi bàjẹ́. Mo sọ fún ara mi pé bí òjò bá fi lè gba iyàrá yẹn lọ pẹ̀lú ògiri, bàbá Tìmílẹ́hìn á bá a lọ, èmi nìkan á sì máa bá àga sọ̀rọ̀.

O ò mọ bí ilé yẹn ṣe dìde, a ò tíì bí ọ. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn ẹgbẹ́ bàbá rẹ ti Tápà wá, wọ́n ti Lanlate wá, ẹlòmíì fẹsẹ̀ rìn wọlé ní ìdájí tòun ti ṣọ́bìrì léjìká. Àwa obìnrin ń pọn omi, àwọn ọkùnrin ń po ìyẹ̀pẹ̀, orin ń lọ, ẹ̀fẹ̀ ń lọ, wọ́n sì ń fi èmi ìyàwó tuntun ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń wo ọkọ mi ju bí mo ṣe ń wo ìkòkò lọ. Wọn ò parọ́. Láfún àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí la fi bọ́ gbogbo wọn, ẹran ìgbẹ́ sì wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ìsinsìnyí tí wọ́n á ní kí o mú omi inú ọ̀rá dání kí o tó wá sí ilé ẹlẹ́ran kan ṣoṣo.

Gbogbo irinṣẹ́ bàbá rẹ nígbà náà, inú àpò ìrẹsì kan ló ń gbé, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Tùráwẹ̀lì tí wọ́n fi ń bu sìmẹ́ńtì wà níbẹ̀, tí igi ọwọ́ rẹ̀ ti jẹ tán. Òòlù wà níbẹ̀, irin kékeré tí wọ́n ń so rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wà níbẹ̀, àti rọ́bà tí wọ́n ń rọ omi sí láti fi mọ ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀. Okùn sì wà níbẹ̀. Okùn yẹn ni tèmi. Wọ́n á di orí kan mú, èmi á di orí kejì, wọ́n á ní, “Àṣàkẹ́, fà á,” mo máa fà á, wọ́n á tẹ̀ jókòó, wọ́n á dijú kan, wọ́n á wo okùn náà títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo rò pé èmi ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n ṣe ń gba iṣẹ́ káàkiri ìlú, bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá wọn lọ di okùn mú, ìwọ náà wà lẹ́yìn mi tí o ń sùn. Ayé dùn nígbà yẹn, àbí èwe ló dùn, mi ò mọ̀.

Nígbà tí àpótí irinṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ wá dé láti Èkó, gbogbo àdúgbò ló bá wa tú u. O ṣé o, ọmọ mi, ìwọ náà á rí ẹni tó máa rò tìrẹ. Mo dúpẹ́ jù lọ lórí tìmùtìmù méjì tí wọ́n ń so mọ́ orúnkún. O ṣì rántí pé orúnkún ń dùn mí nígbà tí mo bá kúnlẹ̀ àdúrà! Mo ti wọ̀ ọ́ lọ sí ìsọjí, mo kúnlẹ̀ títí àlùfáà fi ṣàánú gbogbo ìjọ, èmi nìkan ni kò wo ẹ̀yìn wá àga. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á. Awò ńlá tó dà bíi ti ẹni tó fẹ́ wọnú odò, mo ti fi ń gé àlùbọ́sà, omi kan ò bọ́ lójú mi. Ẹni tó ronú ṣe é mọ ìyà tí ń jẹ obìnrin ní ilé ìdáná. Akoto pupa yẹn ni mo ń dé lọ sóko, òòrùn kò rí orí mi mọ́.

Ẹ̀rọ tí ń lu ihò ló yọ wá lẹ́nu. Ọmọ́tárá tí ń ṣe POS níwájú títì ló bá mi wo ìwé tó wà nínú àpótí, ó ní wọ́n fi oríṣiríṣi èdè kọ ọ́, tiwa ni kò sí nínú rẹ̀. Ó ṣáà ní kò ṣiṣẹ́ torí pé òkúta inú rẹ̀ ti kú. Èyí kò ṣòro, ṣé mi ò sá òkúta rédíò rí ni? Mo yọ ọ́, mo gbé e lọ sórí àpáta, mo sá a mọ́ láfún. Òòrùn mú dáadáa lọ́jọ́ náà. Láfún gbẹ, òkúta gbóná bí ẹyin tí a sè, kò sì dìde. Ìgbà tó yá ni Ọmọ́tárá rí wáyà nísàlẹ̀ àpótí, ó ní iná NẸ́PÀ ló ń jẹ. Mo ní kó dákẹ́, ṣé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tíì jẹun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ lọ tọrọ oúnjẹ?

Èyí tó ń tan iná tó pupa ní tirẹ̀ fẹ́ẹ̀ pa mí. Mo kàn tẹ bọ́tìnì, ẹyinná bọ́ sára ògiri! Mo sáré bu omi, mo dà á sí i, kò kú. Mo tún bu òmíì, kò kú. Adìẹ wá ń ṣá a jẹ, ẹnu rẹ̀ kò sì jó. Malachi bíríkìlà ló wá gba nǹkan náà lọ́wọ́ mi, tó pa á, ó ní wọ́n fi ń wọn ilé ni, pé ẹnì kan ṣoṣo lè fi wọ̀n ọ́n láìsí ẹni tó máa di orí kejì mú. Mo ní kí ló wá fẹ́ káwọn ìyàwó bíríkìlà máa ṣe?

Malachi yìí ni bíríkìlà tí o ní kí n wá. Lanlate ló ti kọ́ṣẹ́, ó ti níyàwó, ó ti bímọ, ó sì mọ ojú àgbà. Búlọ́ọ̀kù dé, yanrìn dé, sìmẹ́ńtì dé, Malachi kò bẹ̀rẹ̀. O mọ àṣà wọn níbí: bíríkìlà kì í mọ ògiri nílé bíríkìlà ẹgbẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé onílé fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lélẹ̀. Bí onílé bá ti kú, wọ́n á gba ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò kú, wọ́n jókòó síbẹ̀ ni. Malachi lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn kò lọ́wọ́ tí àwọn lè fi gbé nǹkan kan lélẹ̀. Ó tún wá lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó ń wá láràárọ̀, ó ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń wo ojú sánmà, èmi náà ń wò ó, sánmà ń dúdú sí i.

Ó sú mi. Mo sọ fún Malachi pé bí òun bá ń bẹ̀rù àṣà, èmi kì í ṣe bíríkìlà, èmi ò jẹ̀bi ẹnì kankan. Mo dé akoto, mo wọ awò, mo so orúnkún, mo po sìmẹ́ńtì. Malachi ní Màmá ẹ jọ̀ọ́, mo ní kó jókòó. Mo mú igi gbọọrọ tó ní ìgò omi lójú, tí àwòrán inú ìwé ní kí a máa gbé lé orí búlọ́ọ̀kù. Ti bàbá rẹ, ìgò rẹ̀ ti fọ́ kí n tó wọlé ọkọ, mi ò bá wọn lò ó rí. Mo wò ó, omi inú rẹ̀ kò kún! Afẹ́fẹ́ kan wà láàárín tí ń sáré lọ, tí ń sáré bọ̀. Mo ní ẹ wo àwọn olè Èkó, ohun tí àwọn elépo ń ṣe fún wa lọ́jà náà ni wọ́n ṣe fún ọmọ mi, wọ́n bù nínú omi ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń ṣe ìgò tí kò kún. O máa dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, kí omi lè ṣù jọ síbi iṣẹ́, kí àlàfo lọ sẹ́yìn. Gbogbo búlọ́ọ̀kù tí mo gbé lélẹ̀, mo gbé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sókè títí afẹ́fẹ́ yẹn fi sá lọ sí ìkángun pátápátá, kó má baà da iṣẹ́ mi rú. Mo ṣe é tọkàntọkàn. Mo mọ ọ́n dé orúnkún, mo wá dúró, mo nu òógùn, mo ń retí kí Malachi yìn mí. Ó ti fi fìlà bo ẹnu.

Mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi. Bàbá rẹ ni. Wọ́n ní, “Àṣàkẹ́, kí ni ògiri yẹn mu?”

Tìmílẹ́hìn, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí ọwọ́ yẹn ti kú. Mo bínú lójú, mo ní kò mu nǹkan kan, ó dúró dáadáa. Wọ́n ní ó ń bọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ kí àwọn ni, kí n sún sẹ́yìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn di ẹkún mọ́ mi lójú, awò àlùbọ́sà kò sì lè gbà mí lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní kí Malachi wá gbé àwọn dìde. Wọ́n rọra ń wọ́ ẹsẹ̀ títí wọ́n fi dé ìdí iṣẹ́ mi, wọ́n fi ọwọ́ òsì tì í, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ pátá. Kò dùn mí rárá. Mo ti mọ̀ pé bí wọ́n bá fi lè wó ti ẹlòmíì, wọ́n á mọ tiwọn.

Wọ́n ní kí n gbé àpò ìrẹsì wá. Wọ́n mú tùráwẹ̀lì àtijọ́ yẹn pẹ̀lú ọwọ́ òsì, wọ́n bu sìmẹ́ńtì, ìdajì dà sílẹ̀, wọ́n tún bù ú. Malachi bá wọn fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù náà fẹ́rẹ́, wọ́n ní kó mú ọwọ́ ẹ̀ kúrò. Àwọn nìkan ló gbé e lélẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Malachi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yanrìn, ó ní ẹ ṣé ọ̀gá, ó wá dìde bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Okùn ló kàn. Èmi mú orí tèmi, bí mo ṣe máa ń mú un. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wá wé orí kejì mọ́ àwọn lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo ní ọwọ́ wo? Ọwọ́ tó ti ká, tí mo máa ń fi omi gbígbóná nà kó tó ṣí díẹ̀?

Wọ́n ní, “Òun náà ni. Òun ni kò lè jù ú sílẹ̀.”

Mo wé e sínú ìka wọn. Mo padà sí orí tèmi, wọn ò sì ní láti sọ fún mi pé kí n fà á. Ọwọ́ yẹn di okùn mú, kò gbọ̀n, kò dẹ̀, ọwọ́ Malachi tó yá bí iná kò lè dì í mú bẹ́ẹ̀. Wọ́n dijú kan, wọ́n wo okùn náà títí tó fi dé ọ̀dọ̀ mi, bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí mo ṣì ń dirun kòlẹ́sẹ̀. Mo dàgbà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ojú tì mí díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe é. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a fi ọ̀rá bo orí ògiri, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ni ọ̀ràn fóònù ṣẹlẹ̀. Mo gbé e sínú ihò búlọ́ọ̀kù kan kí yanrìn má baà wọ̀ ọ́, kí n sì lè gbọ́ bí o bá pè. Malachi kò mọ̀, ó da sìmẹ́ńtì sí i, ó gbé òmíì lé e. Nígbà tí o wá pè, ògiri ló ń dún! Ìyàwó Bámiṣẹ́ gbé àwọn ìbejì sá jáde. Mo fẹnu sún mọ́ ògiri, mo ń pariwo pé Àkànní, a ti gbọ́ o, ṣùgbọ́n ó jọ pé o ò gbọ́. Mo ní kí Malachi fọ́ ọ yọ, bàbá rẹ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ògiri tó gún báyìí kò ṣeé wó nítorí fóònù, pé bí ó bá rẹ̀ ẹ́ yóò dákẹ́. Ó ti dákẹ́ lóòótọ́.

Wọ́n ti ní kí n yí àga àwọn padà sójú títì. Ẹ̀rọ tó ń ta iná pupa ti di tiwọn, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń tàn án sára ilé àwọn aládùúgbò, wọ́n á máa sọ èyí tó gún àti èyí tó wọ́, inú ń bí àwọn onílé, ẹnì kan ti ní òun máa fẹjọ́ wa sun baálẹ̀. Mo ní kó lọ. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fẹjọ́ ọkọ mi sùn.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Páànù òrùlé ẹ̀yìn yẹn àti ìṣó rẹ̀, fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ Ọmọ́tárá, torí fóònù tèmi wà níbi tí o mọ̀. Fi owó fóònù kékeré sí i, èyí tí kò ní lè wọ inú búlọ́ọ̀kù. Bí o bá sì rí orúnkún àdúrà yẹn rà sí i, ẹgbẹ́ àwọn ìyá á fi ọ́ sínú àdúrà wọn, wọ́n á sì lè pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń lu ihò, mo ti fi aṣọ bò ó, bí iná bá dé, yóò jẹun.

Olúwa yóò jẹ́ kí o dàgbà, kí o darúgbó. Ọwọ́ rẹ kò ní ká ṣáájú ọjọ́. Ìyàwó rẹ kò ní wá ẹni tí yóò bá di okùn mú. Ilé tí o bá kọ́, ìwọ lo máa gbé inú rẹ̀, ọmọ rẹ ló máa tún un ṣe, ní orúkọ Jésù.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àṣàkẹ́.

Bàbá rẹ rí mi tí mo ń kọ ìwé, wọ́n ní kí n gbé bírò wá. Mo ní ta ló máa kọ ọ́, wọ́n ní àwọn ni. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi kọ ọ́, wọn ò kọ nǹkan kan rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣàìsàn, nítorí náà kà á ní ẹ̀sọ̀. Nǹkan tí wọ́n kọ rèé nísàlẹ̀ yìí:

Timilẹhin. Ogiri ti gún. Maa bọ wa wò ó.
Adewumi, birikila.